Ìlọ́po Aránbàtà àti Òkúta Tó Gba Òrùlé Wọlé

Bí aránbàtà àdúgbò wa bá rí eku, ẹ̀yin tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni kí ẹ yáa wá ibi sá sí. Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, eku ti di màlúù, màlúù ti hu ìwo, ìwo sì ti gún èèyàn. Bí òjò bá ta sí i lára, omi ti gbé e dé ọrùn nìyẹn. Bí àbúrò rẹ̀ bá ra kẹ̀kẹ́, àwọn tó ni ọkọ̀ òfuurufú ti ń wá bá a ṣe pàṣípààrọ̀. Ìyá tó bí i fún un lórúkọ, bàbá rẹ̀ náà sọ ọ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ti kú ikú àìlò. Ìlọ́po ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò sí ohun tó gba ẹnu rẹ̀ kọjá tí kì í di ìlọ́po mẹ́wàá kó tó dé etí ẹni tó ń gbọ́.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Irọ́ rẹ̀ kò tú ilé ẹnikẹ́ni ká rí. Ó kàn jẹ́ pé bí àwọn kan kò ṣe lè jẹun kí wọ́n má bu iyọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìlọ́po kò lè gbé òótọ́ síwájú àlejò láìdín in, láìta epo sí i. Inú wa a sì máa dùn. Àwọn kan wà tí bàtà wọn kò já, tí wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fa okùn rẹ̀ tu kí wọ́n lè rí ohun gbé lọ síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Bí èèyàn méjì bá ti wọlé, ẹnì kẹta á dúró síta máa fi orí nìkan kópa nínú ọ̀rọ̀. Kọ́tìnì kan ló là á láàárín. Apá kan jẹ́ ti Ìlọ́po: bàtà tí wọ́n so kọ́ lórí okùn bí ẹja tí wọ́n ń sá, awọ tí wọ́n ká jọ, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó máa ń fi bàtà bọ̀ kó tó kàn án níṣòó, àti agolo gọ́ọ̀mù tó máa ń ṣí sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Apá kejì jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, obìnrin tí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó bá gùn tó báyìí, báyìí náà ni yóò pè é, kò ní fi ìka kan kún un. Bí àwọn méjèèjì ṣe gbé pọ̀ tí orí kò fọ́ títí di òní, ó yẹ kí ìjọba fi wọ́n hàn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ìlọ́po tún ní ìwà kan. Kò sí ohun tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní kùn. Bẹ́líìtì ni o, báàgì ni o, sálúbàtà onírọ́bà tí kò mọ ohun tí pólíìṣì ń jẹ́, kíkùn ni. Fọgaláísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gbàgbé bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ nígbà kan; kó tó padà wá mú un, bọ́ọ̀lù ti ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ọ̀sán gangan ni ọ̀ràn ọ̀hún ṣẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde lọ ra òwú àti bọ́tìnì. Ìlọ́po nìkan ló jókòó, ó kó ìṣó sẹ́nu, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ máa ń dákẹ́. Ojú ọ̀run mọ́ rekete. Lójijì, nǹkan kan bú gbàmù lókè, ìró rẹ̀ sì ń yí lọ bí àgbá tí wọ́n tì sílẹ̀ lórí òkè. Fọgaláísà tó ń fẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó rò pé táyà ló bẹ́. Láìpẹ́, páànù ṣọ́ọ̀bù Ìlọ́po dún, ohun kan já wọlé, ó bá irin ẹlẹ́sẹ̀ náà kò! ó ta dànù, ó sì yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ìlọ́po tu ìṣó ẹnu rẹ̀ jáde. Ó wo òkè, ó rí ihò tí oòrùn ń gbà yọjú. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí òkúta dúdú kan tó tó ẹ̀kún ọwọ́. Ó nawọ́, ó mú un.

Ó tutù. Kò gbóná, kò lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tutù bí òkúta etí odò.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, kò ní sí ìtàn tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó wá gba bàtà ọmọ rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ihò, ó rí òkúta, ó lanu, ó ní:

"Bàbá, láti òkè? Kò jó yín lọ́wọ́?"

Ìlọ́po fẹ́ sọ pé rárá. Mo fi gbogbo ara gbà pé ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ti sáré ṣáájú olówó rẹ̀.

"Jó kẹ̀? Ẹ tún bi mí! Ẹran ọwọ́ mi ló kù díẹ̀ kó jinná yìí! Bí mo ṣe mú un, ó dún ṣàà!"

Ẹni tí iná bá sì jó lọ́wọ́, ó yẹ kó di ọwọ́. Bó ṣe fa àkísà kan jáde nìyẹn, tó fi wé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà kejì dé, Ìlọ́po ti ju òkúta náà sínú omi, omi sì ti hó. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, omi ti gbẹ tán nínú garawa. Nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, garawa gan-an ti yọ́, ó sì ti ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Gbogbo àdúgbò péjọ. Fọgaláísà náà dé, ó ti gbọn eruku ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ọkùnrin yìí kéré sí Ìlọ́po lọ́jọ́ orí, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ tuntun. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó na ìka sí agolo gọ́ọ̀mù.

"Bàbá Ìlọ́po, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré kan. Ibo ni gọ́ọ̀mù yìí wà nígbà tí òkúta oníná yín wọlé?"

"Níbi tó wà yẹn náà."

"Ó ṣí sílẹ̀?"

"Ìgbà wo ni mo ń dé e?"

"Gọ́ọ̀mù yín yìí, tí a kò gbọdọ̀ pe orúkọ ìṣáná nítòsí rẹ̀? Tí ẹ lé mi jáde nítorí pé mo fi sìgá tí kò tàn sétí? Òkúta tó yọ́ garawa já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbiná?"

Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di igi mú. Fọgaláísà ní ìdàrọ́ lásán ni, páńtí tí àwọn tó ń yọ́ irin máa ń dà nù, pé ihò yẹn náà, páànù tó ti dípẹtà ni, alángbá tó yó ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Lọ́jọ́ yẹn, òdìkejì ni a rí: òótọ́ ti wà nílẹ̀ jẹ́jẹ́ rẹ̀, irọ́ ló sáré bá a, tó gbé e ṣubú.

Ìlọ́po fara da gbogbo rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bó ṣe wojú ìyàwó rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Kò rín in púpọ̀, ó kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ìyẹn ló gún ọkùnrin náà. Ó gun orí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́! Màá gbé òkúta yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ òkúta. Bí wọ́n bá ní ti ilẹ̀ ayé yìí ni, ó parí. Ẹnu mi kò ní pa ìtàn mọ́ títí ẹ ó fi gbé mi sin. 'Ẹ káàárọ̀,' 'ó dàárọ̀,' 'bàtà yín ti ṣe tán.' Ìyẹn nìkan lẹ ó máa gbọ́."

Ẹ̀rín dá wáí. Àwa tí a wà níbẹ̀ wo ara wa. Ó jọ bí ẹni tó ní òun fẹ́ wú kànga àdúgbò kó sì gbé e lọ.

"Bàbá," fọgaláísà ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ọ̀rọ̀ kò dé ibẹ̀ yẹn. Eré la ń ṣe."

"Mo ti sọ ọ́."

Ó sì ti sọ ọ́ lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ń múra, ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀yìn kọ́tìnì yọjú. Ìlọ́po ti tú àkísà kúrò lọ́wọ́, ó gbé òkúta lé itan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní pólíìṣì dúdú, ó ń súfèé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń dán, kò ní àpá, kò ní ìléròrò. Aránṣọ wo ọwọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ rí i pé ó wò ó.

"Bàbáa wọn," obìnrin náà ní, "èmi kò sọ pé nǹkan kan kò já bọ́. Mo ti wọn ihò yẹn, mo wọn òkúta, ó ṣe déédéé. Gọ́ọ̀mù yẹn ni kò jẹ́ kí n lè gbè ọ́. Ṣé wàá mú ìbúra yẹn kúrò?"

"N kò ní mú un kúrò."

"Ilé á dákẹ́ o."

"Bó bá máa dákẹ́, kó dákẹ́."

Ó mú àkísà náà nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fara balẹ̀ bá a wé e padà.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ òkúta jẹ́ ilé gígùn kan nínú yunifásítì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń rùn bí eruku òkúta àti omi ìdọ̀tí. Lẹ́nu ọ̀nà ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà, tí òkúta kún inú rẹ̀, tí káàdì kékeré sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: *Ìdàrọ́. Ìdàrọ́. Irin ẹ̀rọ ìlọta. Ìdàrọ́. Òkúta lásán. Ìdàrọ́.* Gbogbo wọn ni àwọn kan ti gbé wá tí wọ́n búra pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ìlọ́po wo kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó gbé tirẹ̀ mọ́ àyà, ó wọlé.

Dókítà tó ń yẹ òkúta wò jẹ́ obìnrin tín-ín-rín kan tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi kún ti Ìlọ́po, inú ìpín obìnrin yìí ló ti yọ ọ́. Wọ́n ní bí iná bá mú ilé, "Iná" ni yóò pè lẹ́ẹ̀kan, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, dípò "mo gbà," mímì ló mi orí.

Ó gba òkúta. Ó gbé e sókè sódò, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ó mú irin òòfà tí wọ́n so mọ́ okùn sún mọ́ ọn. Òòfà fì, ó lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Irun ojú Dókítà gbéra díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ funfun nù ún, aṣọ náà dúdú bí ìkòkò. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Pólíìṣì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà! Ojúlówó ni o, kì í ṣe ayédèrú."

"Ẹ kùn ún."

"Mo kùn ún."

"Kí nìdí?"

Ìbéèrè yìí ya Ìlọ́po lẹ́nu. "Ó ń jáde nílé ni."

Dókítà yọ awò ojú. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀lé e ló gùn jù nínú oṣù yẹn. Ó ní òkúta tó bá já láti ojú ọ̀run máa ń ní awọ dúdú fẹ́lẹ́ lára, nítorí afẹ́fẹ́ ń sun ara rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Awọ yẹn làwọn oníjìbìtì máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ẹnì kan ti gbé tirẹ̀ wá rí, ọ̀dà ló fi kùn ún. Ẹnì kan sun tirẹ̀ nínú ààrò. Kò sẹ́ni tó tíì lo pólíìṣì bàtà.

"Dókítà, mi ò ṣe jìbìtì! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bó ṣe ń bọ̀ báyìí, iná ń jáde ní ìrù rẹ̀, bí mo ṣe gbá a mú, ẹran ọwọ́ mi ṣàà, omi garawa hó—"

Dókítà gbé òkúta padà sí ọwọ́ rẹ̀ tó wé àkísà. "Ẹ máa lọ sílé, Bàbá."

Ẹlòmíràn á ti lọ. Ìlọ́po kò lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó dé, ó ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ dání, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Agbálẹ̀ ní okùn bàtà òun ti já. Ìlọ́po rán an. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní gìgísẹ̀ bàtà òun ń mì. Ìlọ́po kàn án. Láìpẹ́, àwọn olùkọ́ ń gbé bàtà wá láti ẹ̀ka mìíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tò lórí ìlà, àwọn kan rò pé ẹ̀kọ́ tuntun ni wọ́n dá sílẹ̀, wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Dókítà bá sì kọjá, Ìlọ́po á gbé òkúta náà sókè, á ní, "Dókítà, ó ṣì wà níbí o," á tún gbé e kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà Dókítà lanu nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an. Ó ń gbá ilẹ̀ pá, pá, pá bó ṣe ń lọ. Ó dé iwájú Ìlọ́po, ó dúró. Kò ní ìgbà tí yóò lọ sílé. Ó bọ́ ọ, ó nà án sí i.

"Ẹ rán an. Ẹ má kùn ún."

"Ẹ má—?"

"Ẹ má kùn ún."

Ẹ wo ọkùnrin yìí. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, kò sí bàtà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìdán. Ó rán àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe tán. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, ó gbá a padà. Ó tún lọ, ó jókòó lé e. Bàtà náà rí ràkọ̀ràkọ̀, eruku ọdún tó kọjá ṣì wà lára rẹ̀, ó ń wò ó bí ọmọ tí wọn kò wẹ̀ fún. Òógùn bo Ìlọ́po. Ó dìde, ó fà á fún Dókítà bó ṣe wà.

Dókítà yí bàtà náà wò níwájú, lẹ́yìn. Ó wọ̀ ọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé. Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí ojú yín rí nìkan. Bí ẹ bá fi kún un, màá dìde."

Wọ́n jókòó. Ìlọ́po tún ọ̀fun ṣe.

"Ìró náà dún bí ẹgbẹ̀rún ìbọn—"

Dókítà gbé ọwọ́ lé apá àga.

"Ó dún lẹ́ẹ̀kan! Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń yí lọ. Páànù dún lẹ́yìn ìyẹn. Ó bá irin mi, ó yí sábẹ́ bẹ́ǹṣì."

"Ẹlòmíràn gbọ́ ọ?"

"Fọgaláísà gbọ́ ọ. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní táyà ni."

"Ẹ mú un nílẹ̀. Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé. Ìlọ́po wo àkísà ọwọ́ rẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀: òkúta tó gba àárín iná wá, ta ni yóò gbọ́ pé ó tutù tí yóò gbà á gbọ́? Òun gan-an, bí ẹlòmíràn bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, yóò ní kí onítọ̀hún lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń parọ́. Bó bá ní ó jó òun, ó jọ òótọ́. Bó bá ní ó tutù, ó lè jẹ́ pé òun ló fi ọwọ́ ara òun rán ẹnu òun pa títí ayé. Ẹnu rẹ̀ ti ń là fún "ṣàà." Ó fi ọwọ́ mú àgbọ̀n.

"Dókítà, ó tutù."

"Ẹ tún un sọ."

"Ó tutù. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tutù bí òkúta etí odò."

"Àkísà ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ti àwọn ará àdúgbò ni."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, eyín Dókítà hàn. Ó na ìka sí ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. "Gbogbo àwọn tó gbé ìwọ̀nyẹn wá ló ní ó jó àwọn." Ó wá ṣàlàyé pé ara òkúta nìkan ni iná ń jó lókè, kì í pẹ́, inú rẹ̀ ti tutù láti ibi tó ti ń bọ̀, kó tó délẹ̀, ooru ara yẹn ti lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un nílẹ̀ sábà máa ń bá a ní tútù. Inú Ìlọ́po dùn débi pé ó fẹ́ bẹ́ gìjà, àmọ́ obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká bi òkúta léèrè."

Ó gbé e sábẹ́ ayùn tó ń yí, omi ń tú sí i lára. Nígbà tí ayùn kàn án, Ìlọ́po yíjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ń gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Igun kékeré kan bọ́. Inú rẹ̀ kò jọ ara rẹ̀ rárá: ó ní àwọ̀ eérú, ó kún fún ohun róbótó-róbótó tó kéré ju ọkà bàbà lọ, irin wẹ́wẹ́ sì ń tàn nínú rẹ̀. Dókítà fi awò ńlá wò ó. Ó gé ọ̀kan fẹ́lẹ́, ó gbé e lọ sí yàrá mìíràn níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń sọ ohun tó wà nínú irin. Ìlọ́po dúró síta. Kò jẹun, kò mu omi, kò rán bàtà.

Nígbà tí Dókítà jáde, ó ní níkẹ́ẹ̀lì, irú irin funfun kan, pọ̀ gan-an nínú irin rẹ̀, èyí tí wọn kì í bá nínú ìdàrọ́, àti pé òkúta ilẹ̀ wa kì í ní àwọn róbótó-róbótó bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe ti ayé yìí," ló ní. Ó tún ronú. "Pólíìṣì yín ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn àyẹ̀wò kan wà tí a kò ní lè ṣe sára rẹ̀ mọ́ láé."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dun Ìlọ́po ju gbogbo ẹ̀rín àdúgbò lọ. Ó tẹrí ba. "Ẹ jọ̀ọ́ fún mi. Mo rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni."

Iṣẹ́ kò tíì tán. Òkúta ti sọ ibi tó ti wá, kò tíì sọ ọjọ́ tó dé. Ó lè jẹ́ pé ó ti wà nílẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá, kí Ìlọ́po kàn ṣà á níbì kan. Nítorí náà, Dókítà fúnra rẹ̀ wá sí àdúgbò wa. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà tí ọba ìlú òkèèrè wá bẹ̀ wá wò, èrò kò tó bẹ́ẹ̀. Ọba kankan kò sì wá rí.

Dókítà gun àkàbà, ó wo ihò. Etí páànù yí sínú, kò ní ìpẹtà níbi tó ti ya. Ó wo àpá tuntun lára irin ẹlẹ́sẹ̀. Ó kọjú sí fọgaláísà.

"Ẹ gbọ́ ìró?"

"Mo gbọ́ ọ, Dókítà. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan ni."

"Táyà náà bẹ́?"

Fọgaláísà lanu. "Rárá o. Ó ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ títí di òní."

"Kí ló wá dún?"

Ọkùnrin náà họ orí. "Mo ti dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó rántí wò ó."

"Fọgaláísà dọ̀bálẹ̀ fún òkúta!" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn, ariwo sọ. Dókítà dúró títí ó fi rọlẹ̀. Ó yíjú sí Ìlọ́po. "Bàbá, ẹ sọ fún wọn bó ṣe rí lọ́wọ́."

Gbogbo wa mira. A ti mọ̀ pé Dókítà ti gbà á. Ohun tí a ń retí ni iná. Ó dá wa lójú pé iná yìí máa jó ju ti ọjọ́ kìn-ín-ní lọ, pé bóyá òpópónà ló máa yọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìlọ́po wo gbogbo ojú wa. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu kọ́tìnì. Ó na ọwọ́ tó wé àkísà sí i.

"Bá mi tú u."

Aránṣọ tú u, ó ká a jọ. Ìlọ́po gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí wa, mímọ́ láú.

"Ó tutù," ló ní. "Kò jó mi. Omi kankan kò hó. Garawa mi wà lẹ́yìnkùlé, ẹ lọ wò ó. Ìró kan dún, òkúta já páànù, mo mú un, ó tutù."

A dúró. A ń retí ìyókù.

"Ó tán?" fọgaláísà béèrè.

"Ó tán."

Wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ẹ bá rí ojú àwọn èèyàn lọ́jọ́ yẹn! Ìtàn kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, òun ló kúrú jù nínú gbogbo èyí tí ọkùnrin yìí ti sọ. Ìyá àgbàlagbà kan tó gbé àga wá láti ilé ń ráhùn pé wọ́n fi àsìkò òun ṣòfò. Àfi fọgaláísà, tó dúró tó ń ro nǹkan, tó ń wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó sì pariwo lójijì pé:

"Áà! Ìdí tí gọ́ọ̀mù kò fi gbiná nìyẹn!"

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn," ni aránṣọ dáhùn. Ó kúrò lẹ́nu kọ́tìnì, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, èjìká kan èjìká, ó sì wo gbogbo wa yíká bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò tún rẹ́rìn-ín. A kò rẹ́rìn-ín. Fọgaláísà dọ̀bálẹ̀ fún Ìlọ́po lójú gbogbo ayé. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ohun tó bú lókè.

Òkúta wà lọ́dọ̀ Dókítà báyìí, lórí tìmùtìmù, nínú yàrá tí wọn kò jẹ́ kí pólíìṣì wọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ìlọ́po léèrè nípa rẹ̀, bákan náà ló máa ń sọ ọ́, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ṣùgbọ́n ìbúra rẹ̀ kò mú un, ẹnu rẹ̀ ti di tirẹ̀ padà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìbẹ̀wò Dókítà, kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó jókòó dáadáa, ó ti bẹ̀rẹ̀:

"Ayùn obìnrin yẹn ńkọ́? Ẹ ò tíì rí ayùn! Ó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Bó ṣe ń ké, àwọn ẹyẹ tó ń fò lókè ń já bọ́ bí èso, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi agbọ̀n ṣà wọ́n. Òkè kan wà lẹ́yìn ilé náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn dán ayùn yẹn wò sí i lára ni—"

Lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Bàbáa wọn," aránṣọ ní, "sọ̀rọ̀ sókè. Mi ò gbọ́ ti òkè yẹn."